Ìwé Tí Khamta Fi Sílẹ̀ Lókè Àjà

Láti ìgbà tí wọ́n ti sun òkú Khamta ni Lamun, ọmọ rẹ̀ obìnrin, kò ti lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn mọ́. Ẹ̀gbẹ́ ló ń fi sùn, kí ojú rẹ̀ má baà kúrò lára àjà. Ìdì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi aṣọ funfun wé, tí wọ́n so rọ̀ sókè ibi tí bàbá náà máa ń tẹ́ ẹní sí. Kò tóbi. Apá ọmọdé ló gùn tó. Àmọ́ nínú gbogbo ohun tó wà nínú ilé orí òpó yẹn, láti orí òfì títí dé ìkòkò ẹja oníyọ̀, òun nìkan ni kò sí ẹni tó jẹ́ na ẹsẹ̀ sí.

Ìwé ni. Ewé ọ̀pẹ gbígbẹ ni wọ́n fi ṣe é, tí wọ́n fi ṣóńṣó irin họ ọ̀rọ̀ sí lára, tí wọ́n fi pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì há láàárín. Apá iwájú rẹ̀, ìwàásù Búdà ni. Apá ẹ̀yìn, ọfọ̀ ni: ọfọ̀ tí wọ́n fi ń lé ibà, ọfọ̀ tí wọ́n fi ń yọ egungun ẹja lọ́nà ọ̀fun, àtàwọn ọfọ̀ mìíràn tí Khamta kì í dárúkọ wọn fún ẹnikẹ́ni. Khamta ti ṣe àlùfáà rí kó tó bọ́ aṣọ àlùfáà sílẹ̀ tó lọ fẹ́yàwó, ó sì ṣe oníṣègùn abúlé Don Yang títí ó fi kú. Kò bí ọmọkùnrin. Lamun nìkan ló bí, Lamun ò sì mọ ẹyọ lẹ́tà kan nínú ìwé ayé àtijọ́ yẹn.

Wàhálà ibẹ̀ nìyẹn. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun téèyàn kàn ń gbé kọ́ sílé bíi kàlẹ́ńdà. Ó ní èèwọ̀. Ẹni tó bá ń tọ́jú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjá lábẹ́ okùn tí wọ́n sá ìró obìnrin sí. Kò gbọ́dọ̀ jẹun nílé òkú. Kò gbọ́dọ̀ fẹnu kan ẹran tútù. Gbogbo ọjọ́ mímọ́ ló gbọ́dọ̀ tan àbẹ́là fún un. Bó bá rú u, ohun tó wà nínú ọfọ̀ yẹn á yí padà, á wọnú ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, á jẹ ẹ́ ní ìfun tán, á wá máa ti ibẹ̀ jáde lọ jẹ ìfun aládùúgbò. Onítọ̀hún ti di ajẹ̀fun nìyẹn. Ó lè máa rẹ́rìn-ín, ó lè máa hun aṣọ, ó lè máa gún ìbẹ́pẹ tútù fún ọmọ rẹ̀, òun gan-an lè má mọ̀. Èyí ló sì burú jù nínú ọ̀rọ̀ náà, pé òun gan-an lè má mọ̀.

Lamun rèé, obìnrin tó ń fọṣọ, tó ń sá a, tó ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá ní wákàtí tó bá wù ú! Ó ti rú èèwọ̀ náà kó tó mọ̀ pé òun jogún rẹ̀.

Ẹnì kan á ní, kí ló dé tí kò jù ú nù? Ẹ gbọ́ ìbéèrè òmùgọ̀! Ìwé tí ìwàásù Búdà wà nínú rẹ̀, ta ló ń jù ú sórí ààtàn? Ta ló ń fi í dáná? Tẹ́ńpìlì ni irú ẹ̀ ń lọ, pẹ̀lú òdòdó àti àbẹ́là, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti foríbalẹ̀ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Lamun ti fẹ́ gbé e lọ láti ìgbà òjò. Ohun tó dá a dúró ni pé ẹni tó bá gbé irú ìdì bẹ́ẹ̀ jáde lójú ayé ti fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ó wà nílé òun.

Bunma, ìyá Lamun, nìkan ni kì í bẹ̀rù ìwé náà nígbà tó wà láyé. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni. Tí Khamta bá ń pariwo, òfì rẹ̀ ló máa ń hun lọ. Nígbà tó ń kú lọ, ó di ọwọ́ Lamun mú, ó ní, "Má bẹ̀rù nǹkan òkè yẹn. Mo ti bá ẹ dì í." Lamun rò pé ibà ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Nígbà tó wá di ẹ̀ẹ̀rùn, ọkùnrin kan sùn ní Don Yang, kò jí. Kò ṣàìsàn o. Ó jẹ ìrẹsì rẹ̀ yó, ó fi igi ta eyín, ó sùn, ó parí. Eérú rẹ̀ ò tíì tutù tán tí ẹlòmíì fi tún sùn, tí òun náà ò jí. Ìpayà wọ abúlé. Àwọn ọkùnrin tó ń fi ọwọ́ pa ejò tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kun èékánná ní pupa bí obìnrin, kí ohun tó ń wá ọkùnrin kiri baà lè ṣì wọ́n mú. Ẹ ò bá rí wọn, àwọn géńdé onírùngbọ̀n, tí wọ́n na ọwọ́ síta kí ọ̀dà rẹ̀ gbẹ! Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín.

Àwọn tó máa ń wá yá odó lọ́wọ́ Lamun ò wá mọ́.

Ibi ẹ̀rọ omi ni Wandi ti la ẹnu ọ̀rọ̀ náà. Wandi ni aládùúgbò tó sún mọ́ Lamun jù, ìyàwó Bunthan apẹja, obìnrin tí ẹnu rẹ̀ ò ní ìdérí.

"Ìyá Saeng, ẹ mà ń dán o!" Saeng lorúkọ ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Lamun bí. "Ara yín ń tàn bíi tẹni tó jẹ ẹran sùn."

"Ẹran wo? Kọ̀ǹkọ̀ tí mo jẹ lánàá ò tó ìka mi."

"Kọ̀ǹkọ̀ lásán ló ń mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ yọ báyìí? Àwa tá ò jogún nǹkan kan, gbígbẹ là ń gbẹ."

"Wandi, tó o bá fẹ́ sọ̀rọ̀, sọ ọ́. Yé rìn yí i ká bí ajá tó fẹ́ dùbúlẹ̀."

"Èmi kẹ̀? Ṣé mo dárúkọ ẹnikẹ́ni ni?" Wandi gbé garawa rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ibi tó jìnnà sí ti Lamun. "Mo kàn ní baálẹ̀ ti ránṣẹ́ pe Olùkọ́ Kasem ni. Ọ̀tunla ló ń bọ̀. Ilé sí ilé ló máa wọ̀. Ẹni tí kò bá ní nǹkan kan sókè àjà, kí ló fẹ́ bà á lẹ́rù?"

Àwọn obìnrin tó kù ń wo inú garawa wọn bí ẹni pé ẹja wà nínú rẹ̀.

Ta ni kò mọ Olùkọ́ Kasem? Òun ni wọ́n ń pè láti abúlé dé abúlé lẹ́bàá odò Songkhram tí wọ́n bá fẹ́ lé ajẹ̀fun. Ní abúlé kan lókè odò, ó na pàṣán rẹ̀ sí opó kan, ó ní òun nìyí. Kí oòrùn tó wọ̀, iná ti jó ilé obìnrin náà dé ìdí òpó. Òun àtàwọn ọmọ rẹ̀ sùn lábẹ́ afárá. Wọ́n lọ sí abúlé kejì, ìròyìn ti ṣáájú wọn débẹ̀. Wọ́n lọ sí ìkẹta, bákan náà. Lamun ro ti Saeng, ọmọge tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi òdòdó sírun. Ọmọ ajẹ̀fun. Ta ló máa so òwú funfun mọ́ ọn lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó? Ta ló máa ta iyọ̀ fún un pàápàá?

Omi tó fà, kò gbé e délé. Tẹ́ńpìlì ló gbà lọ.

Olórí àlùfáà ti darúgbó, ojú rẹ̀ ti fẹ́ fọ́ tán, àmọ́ ó mọ ohùn gbogbo èèyàn abúlé. Lamun kúnlẹ̀ lókèèrè, ó pa àtẹ́lẹwọ́ pọ̀.

"Bàbá, ẹ dákun. Ìwé bàbá mi. Mo fẹ́ kó wá sọ́dọ̀ yín."

"Gbé e wá. Kí ló dí ẹ lọ́wọ́?"

"Mo fẹ́ kẹ́ ẹ rán ẹnì kan wá gbé e. Jẹ́jẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má mọ̀."

"Ta ni kí n rán? Àwọn àlùfáà mi wọ̀nyí? Inú gbọ̀ngàn ni gbogbo wọn ń sùn báyìí, wọ́n tò gọọrọ ti ara wọn bí ẹja tí wọ́n sá." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì dákẹ́. "Lamun, gbọ́. Tó bá jáde níkọ̀kọ̀, ìkọ̀kọ̀ yẹn ni wọ́n máa fi pa ẹ́. Gbé e gba àárín ìlú lójú oòrùn. Jẹ́ kó ga ju èjìká rẹ lọ. Jẹ́ kí òdòdó ṣáájú. Màá jókòó síbí, màá gbà á lọ́wọ́ rẹ."

"Wọ́n á sọ mí lókùúta, Bàbá."

Ó yẹ kó sọ pé rárá. Ohun tí Lamun dúró dè nìyẹn. Àmọ́ bàbá náà kàn ń yí ojú rẹ̀ tó ti funfun sọ́tùn-ún sósì.

"Wọ́n lè sọ ẹ́," ló wí.

Ẹ̀rù tó wà ní àyà Lamun tẹ́lẹ̀, eré ni.

Kò ṣe ohun tí bàbá sọ. Lọ́jọ́ kejì, lọ́sàn-án gangan, nígbà tí oòrùn ti lé gbogbo èèyàn wọ abẹ́ ilé lọ sùn, ó gun àga, ó tú ìdì náà kúrò lókè àjà, ó tì í sínú agbọ̀n ìrẹsì, ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó, ó gbé e há ìbàdí, ó doríkọ odò. Ó ní kí omi gbà á. Omi mọ́, omi kì í sọ̀rọ̀. Ìbàdí o! Ìwé tí wọn kì í gbé rẹlẹ̀ ju èjìká lọ! Ó ń rìn, ó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ agbọ̀n, òógùn bo ojú rẹ̀, òógùn tútù.

Bunthan, ọkọ Wandi, wà lábẹ́ igi létí odò, ó ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe.

"Ìyá Saeng! Lọ́sàn-án yìí! Kí ló wà nínú agbọ̀n?"

"Ìrẹsì ni."

"Ìrẹsì ta? Ẹja lẹ fẹ́ bọ́ ni?" Ó dìde, ó ń rẹ́rìn-ín, èékánná rẹ̀ pupa bí ata. Kò ro ibi kankan, èèyàn dáadáa ni. Ó na imú. "Ìrẹsì ló ń rùn bí àbẹ́là yìí?"

Èéfín àbẹ́là láti ìgbà tí Lamun ti wà ní kékeré ló wà lára aṣọ yẹn. Ó yí agbọ̀n náà sẹ́yìn wìì, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹ̀, etí aṣọ funfun yọ síta. Ẹ̀rín Bunthan kú síbẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn rìn títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan igi.

"Ẹ dákun," ló ń wí, "ẹ dákun, Ìyá Saeng, mi ò rí nǹkan kan."

Lamun sáré padà sílé. Ó so ìwé náà rọ̀ padà, ó dojú bolẹ̀ níwájú rẹ̀.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú, ibà ti gbé Bunthan dè. Ó ń gbọ̀n, ó ń pe ìyá rẹ̀ tó ti kú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, igbe Wandi ló jí àwọn adìyẹ.

"Ó wò ó! Ó wo ọkọ mi lójú létí odò! Inú agbọ̀n ló gbé e sí, ó gbé e lọ bọ́! Ẹ gbà mí o, ó fẹ́ jẹ ọkọ mi tán!"

Saeng gun àtẹ̀gùn wọlé, ó ti aṣọ díẹ̀ bọ inú àpò.

"Ìyá, Olùkọ́ Kasem ti dé. Ó wà nílé baálẹ̀, wọ́n ń fún un ní omi mu. Ẹ jẹ́ ká lọ. Bọ́ọ̀sì á kọjá lójú títì láìpẹ́."

"Ká lọ síbo?"

"Ibikíbi! Bangkok! Ẹ̀gbọ́n Wilai wà níbẹ̀, ó ń ránṣọ."

"Ṣé Wilai ò ní ẹbí ní Don Yang ni? Ọ̀rọ̀ yìí á ti gun bọ́ọ̀sì ṣáájú wa." Lamun wo òkè àjà. "Tá a bá sá, a ti jẹ́wọ́. Sọ àpò yẹn kalẹ̀. Lọ já òdòdó wá."

"Ìyá!"

"Mo ní kó o lọ já òdòdó wá. Funfun. Kó o mú àbẹ́là. Ìwọ lo máa ṣáájú."

Ó wẹ ọwọ́. Ó fi aṣọ ìborùn rẹ̀ tó dáa kọ́ èjìká bí ẹni tó ń lọ síbi àjọ̀dún. Ó foríbalẹ̀, ó tọrọ àforíjì fún ti agbọ̀n, fún ti ìbàdí, fún ti okùn aṣọ sísá. Ó gbé ìwé náà sókè orí pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó sì sọ̀ kalẹ̀ sí àárín ìlú.

Àwọn ilé ti kún fún ojú. Ẹnì kan fa ọmọ rẹ̀ wọlé. Ajá dákẹ́. Ọwọ́ Lamun ń gbọ̀n, kò lè dá a dúró, bẹ́ẹ̀ ni pátákó méjì tó há ìwé náà bẹ̀rẹ̀ sí í lu ara wọn nínú aṣọ: ko, ko, ko-ko-ko.

"Ó ń mì!" obìnrin kan kígbe. "Ẹ gbọ́ o, ó ń sọ̀rọ̀ nínú aṣọ!"

Ògúlùtu kan fò kọjá, òmíràn ba Lamun léjìká, erùpẹ̀ wọ̀ ọ́ lójú. Saeng fẹ́ yíjú padà.

"Má wẹ̀yìn," Lamun wí. "Wo àbẹ́là ọwọ́ rẹ. Má jẹ́ kó kú."

Ẹsẹ̀ ń rọ́ lẹ́yìn wọn. Kò mọ iye èèyàn, kò sì yíjú láti mọ̀ ọ́n. Ohun tó ń rò kò ju pé bí òun bá ṣubú, ìwé á ṣubú, tí ìwé bá sì ṣubú lulẹ̀, ọ̀rọ̀ òun àti ọmọ òun ti tán.

Olórí àlùfáà jókòó sínú gbọ̀ngàn bó ṣe sọ. Àmọ́ Olùkọ́ Kasem ti gba ọ̀nà kejì dé ibẹ̀, baálẹ̀ sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọkùnrin sísanra ni Kasem, oǹdè ló kún ọrùn rẹ̀ débi pé ó ń dún bí ẹṣin tó wọ ṣaworo. Ó na pàṣán dí ọ̀nà.

"Dúró síbẹ̀, ìwọ obìnrin! Má gbé ẹranko yẹn wọ ilé Búdà!"

"Ìwé bàbá mi ni. Mo fẹ́ dá a padà."

"Ta ló bi ẹ́? Gbogbo yín, ẹ ò gbọ́ bó ṣe ń rìn nínú aṣọ? Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi ń bọ́ ọ. Mo ń rí i. Ó ti jẹ obìnrin yìí láti inú dé ẹ̀yìn, awọ lásán lẹ ń wò yẹn!"

Àwọn èèyàn sún sẹ́yìn. Lamun fúnra rẹ̀ wo apá ara rẹ̀. Tó bá jẹ́ òótọ́ ńkọ́? Òun gan-an lè má mọ̀.

"Kasem," olórí àlùfáà wí, kò gbé ohùn sókè, "tó o bá ń rí inú rẹ̀, tú u kí àwa náà rí i."

Kasem ò mira. Ó wo baálẹ̀. Baálẹ̀ wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Nínú gbogbo ọkùnrin eléékánná pupa tó wà níbẹ̀, kò sí ọ̀kan tó yọjú.

"Màá tú u," Lamun wí.

Ó kúnlẹ̀, ó gbé e lé orí ẹní níwájú bàbá náà. Ó fi eyín tú kókó aṣọ funfun náà, kókó bàbá rẹ̀, ó mọ̀ ọ́n. Aṣọ funfun ṣí sílẹ̀.

Kò sí ẹ̀jẹ̀. Kò sí ẹranko. Aṣọ mìíràn ló wà lábẹ́ rẹ̀: ìró aláró, èyí tí wọ́n di òwú rẹ̀ kó tó wọ aró, tó ní ejò omi oníkọ́dọrọ̀ káàkiri. Kókó òwú àwọn ahunṣọ ni wọ́n fi dì í, Lamun mọ ìyẹn náà.

Ìyá Phut, tó dàgbà jù nínú àwọn obìnrin tó ń hun òfì ní Don Yang, fi ìgbúnwọ́ la àárín èrò kọjá. Ó tẹ̀ba.

"Ìró Bunma nìyí. Kò sẹ́lòmíì tó ń gbé ìrù ejò sókè báyìí."

"Kò burú," baálẹ̀ wí, "àwọn obìnrin máa ń fi ìró ta tẹ́ńpìlì lọ́rẹ kí wọ́n fi wé ìwé."

Òótọ́ ni. Obìnrin tí kò lè di àlùfáà, ìró tó dáa jù ló ń fún ìwé mímọ́ wọ̀, èrè rẹ̀ á sì dé bá a. Àmọ́ wọn kì í fún un bẹ́ẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ gé ìṣẹ́tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kúrò, ibi tó ń wọ́ lójú ẹsẹ̀. Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Ọfọ̀ tí ìṣẹ́tí ìró obìnrin bá kàn, ó ti kú. Oǹdè tí ó bá gba orí rẹ̀ kọjá, kí ẹni tó wọ̀ ọ́ máa lọ fi ṣeré. Òun náà ni ìdí tí wọn ò fi gbọ́dọ̀ gba abẹ́ okùn aṣọ.

Ìyá Phut fi ìka tẹ̀lé etí aṣọ náà. Ó dúró. Ó tún fà á sún mọ́ ojú rẹ̀.

"Kò gé e," ló wí.

"Kí lẹ wí?"

"Bunma ò gé e! Ìṣẹ́tí rẹ̀ rèé, odindi, ó ká a lé apá ẹ̀yìn ìwé lẹ́ẹ̀mejì, ó tún rán an mọ́ ọn!" Obìnrin arúgbó náà ṣubú jókòó, ẹ̀rín gbé e mì. "Áà, Bunma! Bunma jẹ́jẹ́! Ó ti fi ìdí ìró pa gbogbo ọfọ̀ yẹn láti ìgbà tí ikun ṣì ń wọ Kasem yìí lẹ́nu!"

Ṣaworo dún. Kasem ti fò sẹ́yìn, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo oǹdè ọrùn rẹ̀.

"Ẹ gbé e kúrò níwájú mi!"

"Ẹ sún mọ́ ọn, Olùkọ́," Ìyá Phut wí. "Ẹ ṣáà ń rí inú rẹ̀. Ẹranko yẹn dà? Ṣé ìdí Bunma lẹ rí?"

Ẹ̀rín bú. Ẹ̀rín àkọ́kọ́ ní Don Yang láti ìgbà tí ọkùnrin àkọ́kọ́ ti kú, ó sì dún bí igbe.

Lamun ò lè rín in. Mo ti bá ẹ dì í. Ohun tí ìyá rẹ̀ ń wí nígbà tó ń kú lọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ló ń pààrọ̀ aṣọ funfun òkè yẹn lọ́dọọdún. Ó ti rí i. Ó ti rí ìṣẹ́tí yẹn, ó sì ń tan àbẹ́là fún òkú ọfọ̀ títí òun náà fi di òkú, kí abúlé máa bẹ̀rù rẹ̀ lọ.

Baálẹ̀ ló pa ẹ̀rín náà. "Tí ọfọ̀ yìí bá ti kú, kí ló wá ń pa àwọn ọkùnrin wa?"

Kò sí ẹni tó mọ̀. Ẹ̀rù rọra padà wá jókòó sí àyè rẹ̀.

Kasem rí i pé ẹ̀rù ti padà. Ojú ń tì í, ẹni tí ojú ń tì á máa wá ibi tó máa gbé e sí. Ó na pàṣán rẹ̀ jáde kúrò nínú gbọ̀ngàn, sọ́nà ilé apẹja.

"Mo ní ó wà ní abúlé yìí. Tí kì í bá ṣe ibí, ibi tí ọkùnrin ti ń kú lọ lọ́wọ́ ni. Ta ló ń sùn tì í? Ta ló ń se oúnjẹ tó ń jẹ? Ta ló tètè ń nawọ́ sí ẹlòmíì?"

Wandi, tó tẹ̀lé èrò wá, gbọ́ ọ. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, àwọn obìnrin tó dúró tì í ti yẹra. Ó yíjú, ó sáré lọ sọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀.

Lamun tú ìró náà kúrò lára ìwé, ó yọ aṣọ ìborùn èjìká rẹ̀, ó fi wé ìwé náà, ó tì í síwájú olórí àlùfáà lórí ẹní, ó foríbalẹ̀. Bàbá náà gbé e sókè orí, ó ń gbàdúrà lábẹ́lẹ̀. Àlùfáà kan gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó gba orí afárá pátákó kọjá lọ sínú ilé àpótí ìwé tó wà láàárín adágún, níbi tí ikán ò lè dé. Ilẹ̀kùn rẹ̀ pa dé. Ó tán. Ó yẹ kí ọkàn Lamun balẹ̀.

"Ìró ńkọ́, Bàbá?"

"Gbé e. Ti ìyá rẹ nìyẹn."

Níta, Kasem ń gbọn oǹdè rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, ó ń pe ọfọ̀ sí wọn lára, àwọn èèyàn sì ti ń tò sẹ́yìn rẹ̀. Ẹnì kan ti mú ògùṣọ̀ lọ́wọ́ lójú oòrùn. Saeng fa ìyá rẹ̀ lápá.

"Ẹ jẹ́ ká lọ sílé. Ìyá, ó ti tán. Ẹ jẹ́ ká lọ sílé."

"Máa lọ. Lọ gbé ìrẹsì kaná."

Ó gba ọ̀nà inú ọparun, èyí tó já sẹ́yìnkùlé Bunthan. Kò rò ó. Tó bá rò ó, kò ní lọ. Ọ̀rọ̀ ibi ẹ̀rọ omi ṣì ń dùn ún, ògúlùtu ṣì ń dùn ún léjìká. Wandi jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé rẹ̀, ó di òpó mú.

"Ìyá Saeng! Kí lẹ wá ṣe? Ṣé ẹ wá wò mí ni?"

"Mo wá sá ìró ìyá mi."

"Ẹ wá sá... ṣé ó tutù ni?"

"Dákẹ́ ẹnu ẹ, kó o di etí kejì mú!"

Wọ́n na ìró náà láti òpó kan sí èkejì, lókè àtẹ̀gùn, ibi tí ẹnikẹ́ni ò lè gùn ún láìgba abẹ́ ìṣẹ́tí rẹ̀. Wọn ò rí àyè ta kókó. Lamun jókòó sí ìsàlẹ̀, ó di etí tirẹ̀ mú kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e. Lókè, Bunthan wúkọ́. Lẹ́yìn náà kò wúkọ́ mọ́, Lamun tẹ́tí títí ó tún fi gbọ́ èémí rẹ̀.

Èrò dé. Wọ́n dúró. Olùkọ́ Kasem wá síwájú títí dé ibi tí òjìji ìró náà dé lórí ilẹ̀, ó sì fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn. Ó wo àwọn ejò aláró yẹn. Ó wo àwọn èèyàn, tí wọ́n ń wo oǹdè ọrùn rẹ̀. Lamun ò gbé ojú sókè, kó má baà rí i pé ẹ̀rù ń ba òun.

Ọkùnrin náà tọ́jú pàṣán rẹ̀ sí abíyá, ó sì rọra bi baálẹ̀ pé ìgbà wo ni bọ́ọ̀sì ń kọjá.

Lamun kò tíì jọ̀wọ́ ìró náà.